Ẹni Tó Wa Mọ́tò Màmá Agbẹ̀bí Lọ

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́, ṣùgbọ́n àárọ̀ Ọjọ́rú ló tó wọlé sórí fóònù Màmá Agbẹ̀bí.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ má bínú, iṣẹ́ dì mí mú, mi ò ní lè wá wo mọ́tò yẹn lónìí. Ọ̀la ni mò ń bọ̀, èmi fúnra mi. Mi ò rán ẹnikẹ́ni o."

Màmá kà á tán, ó tún un kà. Ó gbá àga mú, ó rọra jókòó. Lánàá, nígbà tó lọ sí ọsibítù nítorí orúnkún òsì tó ń dùn ún, wọ́n ní ọkùnrin kan wá sílé. Ọkùnrin náà ní ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò ló rán òun, pé òun fẹ́ gbé e lọ kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò, òun á sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ilẹ̀ ti ṣú, ilẹ̀ ti mọ́, mọ́tò kò padà. Ìròyìn tí ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ olè ti dé wàyí, ṣùgbọ́n olè ti jáde kó tó dé.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí tẹ́ṣàn rán wá, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń rìn bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀. Tún-un-wò ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wọ́n ní bí èèyàn bá kí i pé "ẹ káàárọ̀," á kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn ná kó tó dáhùn.

Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ kó tó lọ síbi tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò náà sí. Ilẹ̀ símẹ́ǹtì ni, ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ síbi ògiri. Lẹ́bàá ògiri náà, ìkòkò òdòdó tò lọ bí àwọn ọmọ iléèwé, kò sì ju ìṣísẹ̀ kan lọ tó wà láàárín wọn àti ibi tí táyà iwájú ti fi àmì sílẹ̀. Kò sí èyí tó fọ́. Kò sí èyí tó tilẹ̀ yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ra ilẹ̀, ó wo ìka.

"Màmá, ẹ ní mọ́tò yìí ti lé ní ogún ọdún?"

"Ó ti lé dáadáa."

"Kò sì kán epo kan ṣoṣo sílẹ̀?"

Ìbànújẹ́ tó wà lójú Màmá kò jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tán, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. "Mo tọ́jú rẹ̀ ni, ọmọ mi. Òun náà sì tọ́jú mi, kò já mi kulẹ̀ rí. Àìmọye aboyún ló ti gùn ún. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò ní sùúrù rárá, ẹ̀yìn mọ́tò yẹn ni wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sáyé. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ tà á?"

Màmá fọwọ́ lu orúnkún rẹ̀. "Mọ́tò oníjíà ọwọ́ ni. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, orúnkún òsì yìí sì ti ní òun ò ṣe mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin ń bọ̀ wá mú mi ní Sátidé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ gbé. Nọ́ọ̀sì kan, agbẹ̀bí bíi tèmi, ló fẹ́ ra mọ́tò. Òun ni wọ́n fẹ́ gbé síbi iṣẹ́ mi. Ẹ wo òkè tí ẹ gùn débí yẹn. Ọkọ̀ akérò kì í gùn ún, mọ́tò tèmi ló ń gùn ún. Nọ́ọ̀sì náà sì ti sọ ọ́ fún mi gbangba: bí òun ò bá rí mọ́tò tó lágbára òkè, òun ò ní gba iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe páànù lásán ni wọ́n jí? Àwọn aboyún orí òkè ni wọ́n jí agbẹ̀bí wọn."

"Ta ló mọ̀ pé nọ́ọ̀sì ló fẹ́ rà á?"

"Èmi àtòun nìkan. Wọn ò tíì fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ. Mo kàn sọ fún télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú pé ẹnìkan lè wá wo mọ́tò, mo sì fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀."

*

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni télọ̀ náà, ikùn rẹ̀ sì ti ga débi pé ó ní láti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó maṣíìnì. Aṣọ tó gé kún orí ibùsùn. Lára ògiri, fọ́tò ọkọ rẹ̀ wà, ó dúró níwájú ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fúnra rẹ̀ rọ ọkọ̀ náà.

"Ọkọ ẹ dà?"

"Ó ti gbẹ́rù rìnrìn àjò láti àná, Àǹtí."

"Sọ bí ọkùnrin yẹn ṣe rí fún mi."

"Ó ga, kò ga púpọ̀. Ó dé fìlà tó bo iwájú orí, ó fi ìbòmú bo imú. Ṣẹ́ẹ̀tì búlúù ló wọ̀, bọ́tìnnì kejì ti já, òwú funfun ni wọ́n sì fi rán ìkẹta."

"Ẹ̀yin télọ̀ yìí náà! Ẹ lè má rí olè, ẹ ò ní ṣàì rí bọ́tìnnì rẹ̀."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú.

"O fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kí ló wá ṣe?"

"Ó fara balẹ̀ gan-an ni. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ wọlé. Ìta ló dúró sí, ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì ń ró. Ó lọ ṣí iwájú mọ́tò, ó yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wọlé, tó fi ẹ̀yìn wà á jáde."

"Ìwọ ń kọ́, ṣé o mọ mọ́tò wà?"

"Èmi kẹ̀? Maṣíìnì yìí nìkan lèmi ń wà."

Màmá ti tẹ̀ lé wọn wọlé. Ó rí i pé omi ti ń gbára jọ lójú télọ̀, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ọmọ mi, má sunkún. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Bó bá jẹ́ èmi ni, èmi náà ì bá fún un ní kọ́kọ́rọ́."

Ló bá di pé télọ̀ bú sẹ́kún gidi. Bí Màmá ṣe ń ṣìpẹ̀ tó ni ẹkún náà ń le tó. Tún-un-wò wò ó. Ìrírí rẹ̀ ni pé ìṣìpẹ̀ máa ń dín ẹkún kù. Ó tún un wò.

Nígbà tí wọ́n jáde, Màmá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ má le mọ́ ọn. Oyún kẹta rẹ̀ nìyí. Ibòmíràn ló ń gbé nígbà tí méjì àkọ́kọ́ bà jẹ́. Ìgbà tí eléyìí dé, ó kó wá sínú ilé mi, ó ní òun ò ní jìnnà sí mi mọ́ títí òun á fi bí. Oṣù tó ń bọ̀ ni."

"Ṣé ó mọ̀ pé Sátidé lẹ̀ ń lọ?"

"Mo sọ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó kàn ní, 'Ẹ ṣeun, Màmá,' ó sì padà sídìí maṣíìnì rẹ̀."

*

Ẹnìkan ṣoṣo ló ti ń yọjú sí mọ́tò náà tẹ́lẹ̀: alágbàtà ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Tà-Tán. Ó ti wá bẹ Màmá lẹ́ẹ̀mejì kó ta mọ́tò náà fún òun, Màmá sì ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn Tún-un-wò fò díẹ̀ bó ṣe ń wọ ọgbà rẹ̀. Ó rò pé òun ti di ìrù ọ̀rọ̀ náà mú.

Ó bá Ó-Tà-Tán lórí àga gígùn lábẹ́ ibòji, igi ìtìlẹ̀ lápá rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nà síwájú, funfun báláú, wọ́n ti fi símẹ́ǹtì oníṣègùn dì í láti ọmọ ìka dé orúnkún.

"Mo gbọ́ nípa mọ́tò Màmá," ni ọkùnrin náà wí kó tó bi í ní nǹkan kan. "Mo sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ọ̀gá Madam, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó. Ẹsẹ̀ wo ni kí n fi tẹ kílọ́ọ̀ṣì? Ṣé tiyín lẹ fẹ́ yá mi ni?"

"Nígbà wo lẹ ṣẹ́ ẹ?"

"Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ń gun àkàbà, àkàbà kọ̀ mí sílẹ̀."

"Ẹ lè rán ẹlòmíràn."

Ó-Tà-Tán mi orí. Ẹ̀fẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́. Nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ bí àbíkẹ́yìn wa, òjò ń rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ya ojú ọ̀run. Ìyá yẹn wa mọ́tò rẹ̀ gba inú òjò wá, ó gba ọmọ, ó sì tún padà wá ní ọjọ́ kejì láìjẹ́ pé a pè é, ó ní òun kàn fẹ́ wo ojú ìyá ọmọ. Bí mo bá jí mọ́tò rẹ̀, ìyàwó mi gan-an ló máa wá fi mí lé yín lọ́wọ́. Ṣẹ́ ẹ mọ ìdí tí mo fi fẹ́ rà á? Mo fẹ́ gbé e síwájú ọgbà yìí ni, kí àwọn èèyàn lè máa rí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú mọ́tò. Ta ló tún ń ra oníjíà ọwọ́ láyé ìsinsìnyí? Òtòmátíìkì ni gbogbo ayé ń wá. Ẹ wá wo eléyìí."

Ó fi igi rẹ̀ tilẹ̀, ó tiro dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò dúdú kan tó ń dán. Kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ! Bí ọmọ tó yó."

Tún-un-wò dúró gbagidi. Ó wo ọwọ́ tó wà nínú fèrèsé náà. Ó tún un wò.

"Ṣé ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí mọ́tò Màmá?"

"Tó bá wà ní fíríì, mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá wà nínú jíà, tí mi ò sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì? Háà! Á fò síwájú bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi gbígbóná sí lára. Ẹnikẹ́ni tó bá fi oníjíà kọ́ mọ́tò mọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀."

Tún-un-wò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn débi pé ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí òun ṣe.

Lójú ọ̀nà, ó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ó ń rò ó. Láti àárọ̀, kò tíì bá ẹnìkan pàdé tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Obìnrin tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà ti dúpẹ́. Ọlọ́pàá tó kọ ẹjọ́ sílẹ̀ pàápàá ti ní ọwọ́ Màmá ni wọ́n bí òun sí. Òun ti ń wá ẹni tó kórìíra Màmá káàkiri bí ẹni ń wá ẹja lórí igi. Kò sí. Bí kò bá wá sí ọ̀tá, àfi kó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúpẹ́ yìí ló gbé mọ́tò lọ.

*

"Màmá, ìgbà wo lẹ wa mọ́tò náà kẹ́yìn?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Báwo lẹ ṣe gbé e sílẹ̀?"

"Bí mo ṣe máa ń gbé e sílẹ̀. Mo kọ iwájú rẹ̀ sí ògiri, mo fi sí jíà kìíní, mo pa á. Ilẹ̀ yẹn dà gẹ̀rẹ́, mi ò sì gbẹ́kẹ̀ lé bíréèkì ọwọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti rà á nìyẹn."

"Ẹnìkan fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín?"

"Rárá."

Tún-un-wò lọ dúró níwájú àwọn ìkòkò òdòdó náà. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró síta tó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò náà ì bá ti fò bá wọn, ì bá sì ti fọ́ wọn yángá mọ́ ògiri. Wọ́n jókòó síbẹ̀ wẹ́rẹ́, wọ́n ń tanná. Ọkùnrin oníbọ́tìnnì jíjá kò fọwọ́ kan mọ́tò yìí, nítorí pé kò sí ọkùnrin oníbọ́tìnnì jíjá.

Ó wọ yàrá télọ̀, ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹni tó ń sọ òótọ́ máa ń gbàgbé nǹkan," ni ó bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ ò gbàgbé òwú kan. Mo yẹ kí n ti fura nígbà yẹn."

Ẹsẹ̀ télọ̀ ń tẹ maṣíìnì lọ, kò sì sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"O ti rí àwọn onímọ́tò tó ń na ọwọ́ gba fèrèsé láti yí kọ́kọ́rọ́. Ó wù ọ́, o fi kún ìtàn ẹ. Ó dára, àmọ́ mọ́tò tó bá wà nínú jíà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Inú jíà ni Màmá ń gbé tiẹ̀ sí. Ẹni tó bá wà á jáde láìfọ́ ìkòkò kan, ó jókòó sínú rẹ̀, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Bí ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù láti ọjọ́ pípẹ́."

Maṣíìnì dúró.

"Ọkọ mi ò ṣe nǹkan kan," ni télọ̀ wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹfọn lọ.

Kí Tún-un-wò tó dáhùn, ẹnìkan ké "Àgò o" láti ìta. Obìnrin kan wọlé, báàgì lápá, òógùn ìrìn lójú. "Ẹ káàsán o. Ẹ má bínú, Mà, pé mi ò lè wá lánàá. Mọ́tò náà dà? Mi ò rí i níta."

"Ó sọnù, ọmọ mi," ni Màmá wí.

Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. "A jẹ́ pé ó parí nìyẹn. Màá lọ sọ fún wọn lónìí kí wọ́n fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, bí wọ́n bá rí ẹni tó gbà á. Ẹsẹ̀ ni mo fi gun òkè yẹn débí, Mà. Mi ò lè máa fi ẹsẹ̀ lọ gbẹ̀bí."

Télọ̀ gbójú sókè. "Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ Màmá. Agbẹ̀bí ni mí."

Télọ̀ wo nọ́ọ̀sì, ó wo Màmá, ó wo ikùn ara rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Yéè! Mo mà ti ṣe ara mi o!"

Ọ̀rọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde bí aṣọ tí ìránṣọ rẹ̀ já. Ó ti rò pé bí mọ́tò bá sọnù, Màmá ò ní lè tà á. Bí kò bá sì tíì tà á, kò ní lọ, á dúró títí wọ́n á fi rí i. Wọ́n á sì rí i, lẹ́yìn tí òun bá bímọ tán. Ó ti sọ fún ọkọ rẹ̀ pé Màmá ló ní kó bá òun gbé e pamọ́.

"Fún mi ní fóònù ẹ," ni Tún-un-wò wí. Ó pe ọkọ télọ̀, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí?" Ariwo ẹ́ńjìnnì ńlá ń bọ̀ lẹ́yìn ohùn náà.

"Ọlọ́pàá ló ń sọ̀rọ̀. Mọ́tò Màmá dà?"

"Ọlọ́pàá kẹ̀? Ó wà ní gáréèjì wa, lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Mo fi tàpólì bò ó kí oòrùn má baà ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́. Mo tiẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé jíà rẹ̀ ṣì ń wọlé bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà, ọwọ́ wọn dára. Àbí wọ́n ti wá gbé e ni?"

Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bo ẹnu. Màmá, tí kò rẹ́rìn-ín tán láti àárọ̀, rẹ́rìn-ín tán.

*

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Tún-un-wò àti nọ́ọ̀sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ télọ̀, tí wọ́n lọ gbé mọ́tò náà wálé. Nọ́ọ̀sì ló wà á. Ní ìdajì òkè, ó yí jíà padà sí èkejì, mọ́tò náà sì fà wọ́n lọ láìkùn.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gùn ún," ni nọ́ọ̀sì wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣé o, Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Ẹ ṣé gan-an."

Télọ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, Màmá gbá a mú lápá. "Má dán an wò. Ta ló fẹ́ gbé ọ dìde, pẹ̀lú orúnkún tèmi?"

"Màmá," ni Tún-un-wò wí, "ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò. Kí ni kí n kọ sílẹ̀? Ṣé wọ́n jí i?"

"Wọn ò jí i. Wọ́n gbé e pamọ́, mo sì ti rí i."

Tún-un-wò yíjú sí télọ̀. "Tí o bá tún parọ́ fún ọlọ́pàá, bọ́tìnnì nìkan kọ́ ni mo máa já. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Àǹtí. Ẹ ṣé. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó yí padà. "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ. Ẹ jẹ́ kí n bí ná. Ẹ̀yin ni mo mọ̀. Mi ò mọ nọ́ọ̀sì yìí."

Màmá kọjú sí nọ́ọ̀sì. Ó nawọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó wò ó díẹ̀. Tún-un-wò rò pé ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sápò. Bó ṣe máa ń ṣe, ó ti múra láti tún un wò. Ṣùgbọ́n Màmá nawọ́, ó dá kọ́kọ́rọ́ náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì pa ìka obìnrin náà dé mọ́ ọn. Ó wá di ọwọ́ télọ̀ mú.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Láyé mi, kò sẹ́ni tó fẹ́ràn mi débi pé ó jí nǹkan mi kí n má baà lọ. Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fojú kan ọmọ mi ọkùnrin láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, mo sì fẹ́ lọ bá a gbé. Mo ti ta mọ́tò náà fún nọ́ọ̀sì yìí, òun ló máa gbẹ̀bí rẹ. Ní Sátidé, mò ń lọ."